Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Gbọ́ Èdè Jámánì Lẹ́nu Àwọn Tó Ni Ín

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn ọmọ-ọmọ wa tí wọ́n ń bí sí ọ̀hún. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kí Lèmọ́mù bá bàbá kan tàbí ìyá kan ṣe àdúà fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Hamburg, ní Berlin tàbí ní Frankfurt. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn sì wà ní yunifásítì. Àdúà dára, a sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àdúà nìkan kò lè yanjú, òun sì ni a fẹ́ sọ.

Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún kan tàbí méjì, tí ìyá rẹ̀ sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè a dé pé: ọ̀dọ̀ ta ni kí á fi ọmọ yìí sí? Àwọn kan a ní kí ìyá àgbà wá láti ilé. Àwọn kan a wá ọmọ ìlú wa kan tó ń tọ́jú ọmọ nínú yàrá rẹ̀. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ a wá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn díẹ̀ ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì fúnra wọn. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé àwọn díẹ̀ yìí ló ṣe é bó ti yẹ, àti pé ẹ̀rù ẹ̀sìn tó ń ba àwọn yòókù kò ní ẹsẹ̀ tó lágbára nílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní èdè, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn. Òbí tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè fi ìbẹ̀rù ọ̀kan sọ èkejì nù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí ọmọ bá ti tó ọmọ ọdún 6 ní Jámánì, ilé-ìwé di dandan fún un. Ní Hamburg, wọn kì í dúró di ìgbà náà rárá: bí ọmọ bá pé ọdún 4 àti ààbọ̀, wọ́n ń pe òun àti òbí rẹ̀ sí ilé-ìwé láti wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí èdè rẹ̀ kò bá sì tó ní láti wọ kíláàsì ìmúrasílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ náà, lẹ́yìn kíláàsì kẹrin, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó bí ọmọ ọdún 10, wọ́n ti ń pín àwọn ọmọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan a lọ sí Gymnasium, tí ó jẹ́ ọ̀nà tààrà sí yunifásítì. Àwọn yòókù a lọ sí ibòmíràn. Berlin àti Brandenburg máa ń dúró di ẹ̀yìn kíláàsì kẹfà. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ èdè náà ní ọmọ ọdún 6, ọdún 4 péré ló ní kí wọ́n tó wọn ọgbọ́n rẹ̀ lórí ìwọ̀n. Ọgbọ́n lè kún orí rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ kò bá lè gbé e jáde, ta ni yóò mọ̀? Ojú ajá kọ́ ni ìwo àgbò í là, ṣùgbọ́n lójú tiwa yìí ni àwọn ọmọ ọlọ́gbọ́n ń jókòó sẹ́yìn nítorí èdè lásán.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ilẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni Jámánì. Bí mo bá fi ọmọ mi sọ́dọ̀ wọn, kò ní í mọ Ọlọ́hun mọ́.” A kò fi ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, nítorí ìfẹ́ ẹ̀sìn ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kó rántí ìtàn Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ìlú òwò ni Mẹ́kà, níbi tí èrò ọjà àti èrò Káábà ti máa ń dà wọ́ tìrítìrí láti ọ̀nà jíjìn, tí ahọ́n oríṣiríṣi ń dàpọ̀. Àṣà àwọn ará Kùràéṣì ni pé kí wọ́n fi ọmọ ọwọ́ wọn fún àwọn obìnrin aṣálẹ̀, kí ọmọ lè mí afẹ́fẹ́ tó dára, kó sì gbọ́ èdè Lárúbáwá tó jinlẹ̀ lẹ́nu àwọn tí kò tíì pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Báyìí ni Ámínà, ìyá Ànọ́bì, ṣe fi ọmọ rẹ̀ fún Halímà láàárín ìran Banu Sa'd, tí ó sì lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni Ámínà, ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Síbẹ̀ ó fà á lé obìnrin àjèjì lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé ohun kan wà tí òun kò lè fún ọmọ náà nínú ilé òun. Bí wọ́n ṣe ń wá olùtọ́jú nítorí èdè kò bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì o. Inú ìtàn Ànọ́bì wa ló ti wà.

Ẹ tún wo Zayd ọmọ Thabit, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ànọ́bì pa láṣẹ pé kó lọ kọ́ èdè ìwé àwọn Júù, kó lè máa ka lẹ́tà wọn kó sì máa fún wọn lésì. Ó kọ́ ọ, kò sì torí rẹ̀ kúrò nínú Isláàmù. Ọwọ́ Zayd yìí kan náà ni wọ́n fi iṣẹ́ kíkó Kùránì jọ sí lẹ́yìn ikú Ànọ́bì. Nínú Súrà Rúmù pẹ̀lú, Ọlọ́hun ka ìyàtọ̀ èdè àti ìyàtọ̀ àwọ̀ wa mọ́ àwọn àmì agbára Rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun pè ní àmì Rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí á pè é ní ọ̀tá ẹ̀sìn.

Ní ti ẹ̀sìn ọmọ fúnra rẹ̀, hádíìsì tí gbogbo ọmọ kéwú mọ̀ kọ́ wa pé orí ìdá mímọ́ ni a ń bí gbogbo ọmọ sí, àti pé òbí rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di Júù tàbí Nàsárà. Ẹ kíyè sí i pé ọrùn òbí ni wọ́n gbé ẹrù náà kọ́, kì í ṣe ọrùn olùtọ́jú. Ọdún 7 ni Ànọ́bì ní kí á máa pàṣẹ ìrun kíkí fún ọmọ. Ọmọ ọdún méjì tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò pàdánù ọ̀ranyàn kankan. Bí bàbá bá ń kírun níwájú rẹ̀ lálẹ́, bí ìyá bá ń ka Fátíhà sí i létí kó tó sùn, ìyẹn ni yóò bá a dàgbà.

Àwọn bàbá wa ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí. Nígbà tí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì dé Èkó, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fa ọmọ wọn sẹ́yìn nítorí ìrìbọmi, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san lórí rẹ̀ wúwo: iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọlọ́gbọ́n nínú wọn kò wá sọ pé, “Ó tán, a kò kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ́.” Wọ́n wá ọ̀nà. Ní 1896, ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ṣí ní Èkó. Ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ lè ní ìwé kó má sì sọ ẹ̀sìn nù. Ẹni tó bá ń jẹ ẹja kì í torí egungun da ẹja nù. Ó ń yọ egungun ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn ọmọ wa ní Jámánì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí àwa ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi nílé, àwọn ará Jámánì ló fún ayé ní irú rẹ̀. Friedrich Fröbel ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg ní 1837, ní 1840 ló sì sọ ọ́ ní Kindergarten, ìyẹn ni ọgbà àwọn ọmọdé. Lónìí, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ kékeré kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé ni wọ́n ń pè ní Kita. Láti 1996 ni òfin ti fún ọmọ tó bá pé ọdún 3 ní ẹ̀tọ́ sí àyè níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2013, ẹ̀tọ́ náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí ọmọ tó bá pé ọdún kan. Ọmọ àjèjì tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojú rere.

Ọ̀nà kejì ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Tagesmutter, ìyá tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀. Òun náà ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jugendamt, òfin kò sì gbà kó tọ́jú ju ọmọ 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, òfin ka Tagesmutter sí gẹ́gẹ́ bó ṣe ka Kita sí. Lójú tiwa, ìyá tí ariwo ọmọ púpọ̀ ń bà lẹ́rù fún ọmọ rẹ̀ lè fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá jókòó ti obìnrin kan ní gbogbo ọjọ́, tó ń gbọ́ bó ṣe ń sọ pé gbé bàtà, mu omi, wo ẹyẹ, yóò kó èdè jọ bí ẹyẹ ṣe ń ṣa ọkà.

Ní ti owó, kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Berlin, àwọn òbí kò san owó ìtọ́jú mọ́ láti oṣù kẹjọ 2018, àyàfi owó oúnjẹ. Ní Hamburg, wákàtí 5 lóòjọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 2014. Ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ń wo owó tó ń wọlé fún òbí kí wọ́n tó dá iye lé e. Ṣùgbọ́n láti 2019, ìdílé tó ń gba ìrànwọ́ owó ilé tàbí àfikún owó ọmọ lọ́wọ́ ìjọba kò ní láti san án. Ní Berlin àti Hamburg, ìwé kan tó ń jẹ́ Gutschein ni òbí yóò kọ́kọ́ gbà, òun ni yóò sì mú lọ sí Kita tó bá rí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ìlú, àyè kò tó ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ní láti kọ orúkọ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó kéré tán, kó sì kọ ọ́ sí ibi púpọ̀, nítorí onísùúrù ọlọ́jà kì í gbé ojú lé oníbàárà kan ṣoṣo. Kó bèèrè ní Jugendamt, kó sì tọ́jú gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i. Ìwé wọ̀nyí ní agbára. Ní oṣù kẹsàn-án 2013, ilé-ẹjọ́ gíga kan dájọ́ pé kí ìlú Mainz san owó tí ìyá kan ná sí ibi aládàáni padà, nítorí ìlú náà kò rí àyè fún ọmọ rẹ̀ lásìkò. Ní oṣù kẹwàá 2016, ilé-ẹjọ́ gíga mìíràn sọ nínú ẹjọ́ àwọn ìyá kan ní Leipzig pé òbí tó pàdánù owó iṣẹ́ nítorí pé ìlú kò ṣe ojúṣe rẹ̀ lè bèèrè owó ìtanràn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n má máa wolẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òfin ti fún wọn. Kí wọ́n sì rántí ìwé àjẹsára ọmọ: láti oṣù kẹta 2020, wọn kì í gba ọmọ tó ti pé ọdún kan wọlé láìsí ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àrùn ìta, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Masern.

Nísinsìnyí, kí á wo àwọn ọ̀nà yòókù. Ìyá àgbà dùn, kò sí ẹni tó lè tọ́jú ọmọ tó ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n físà àbẹ̀wò kì í gbà ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180. Ìyá tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní Gbági tàbí ní Bálógun, tó lọ lo oṣù mẹ́ta, yóò padà wá bá oníbàárà tó ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn; ọmọ tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún yóò sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ìyá lọ wẹ ọmọ, kó gbé e jó, kó sọ ìtàn ìjàpá fún un, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí á má fi í ṣe olùkọ́ èdè tí òun pàápàá kò gbọ́.

Ọmọ ìlú wa tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́jọ nínú yàrá kan láìní ìwé àṣẹ ń kó ara rẹ̀ àti òbí sínú wàhálà, ọmọ kò sì ní í gbọ́ èdè ìlú níbẹ̀. Ní ti ilé onígẹ̀ẹ́sì olówó gọbọi, a bi í léèrè pé: ṣé London ni ọmọ náà ń gbé? Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní, èdè Jámánì ni yóò fi kọ́ ọ. Ọmọ tí yóò bá a gbá bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀ ilé, èdè Jámánì ni yóò fi pè é.

Ẹni tó bá yan ọ̀nà tí a ń sọ yìí ní láti la ojú sílẹ̀, nítorí a kò sọ pé kí á ju ọmọ sílẹ̀ kí á sì padà sẹ́yìn. Ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló ni púpọ̀ nínú àwọn Kita: Caritas jẹ́ ti ìjọ Àgùdà, Diakonie sì jẹ́ ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Níbẹ̀, àdúà àti orin ẹ̀sìn wọn lè wà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ti ìlú fúnra rẹ̀, tàbí ti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọ, bíi AWO tí Marie Juchacz dá sílẹ̀ ní 1919. Mùsùlùmí tó bá ní ànfààní láti yàn, àwọn ìkejì yìí ni kó kọ́kọ́ wò. Kó bèèrè oúnjẹ wọn kó tó fọwọ́ síwèé, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ òun kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, àti pé kí wọ́n má fún un ní súìtì rírọ̀ tí wọ́n fi jẹlátìnì ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nínú súìtì kò hàn sójú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí wọn. Àwọn Tọ́kì ti ń gbé láàárín wọn láti ìgbà àdéhùn òṣìṣẹ́ 1961. Ní ti Kérésìmesì, àti àtùpà tí àwọn ọmọdé ń gbé kiri ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, kí òbí béèrè ohun tí wọn yóò ṣe, kó fi lọ àfáà rẹ̀, kó sì sọ èyí tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bí Iléyá bá dé, kó gbé nǹkan dídùn lọ bá àwọn ọmọ àti olùtọ́jú níbẹ̀. Ọmọ tó bá rí i pé ọdún ẹ̀sìn òun náà ní iyì lójú ẹgbẹ́ òun kò ní í fi í pamọ́.

Nígbà tí ọmọ bá wọlé, ẹ má kánjú. Àṣà wọn ni pé ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òbí yóò jókòó ti ọmọ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ní ọjọ́ kẹrin ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ jáde fún ìgbà díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì títí dé mẹ́rin kí ọmọ tó gbà pé ibẹ̀ náà dára. Ó lè pẹ́ ní oṣù mélòó kan kó tó la ẹnu. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe òpè. Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọn ọmọ Sábó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń sọ Haúsá nínú ilé tí wọ́n sì ń fi Yorùbá tajà lójú ọ̀nà. Ta ló kọ́ wọn? Ahọ́n ọmọdé gba èdè méjì bí ọwọ́ ṣe gba òrùka méjì.

Nítorí náà, kí òbí má sọ èdè Jámánì tó gbó lẹ́nu fún ọmọ nínú ilé, kó má sì fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò Yorùbá. Èdè tí ìyá gbọ́ jinlẹ̀ ni kó fi tọ́ ọmọ, kó fi kí i, kó fi bá a wí, kó fi kọ́ ọ ní bisimílà. Kita yóò fún un ní èdè ìlú. Ilé yóò fún un ní Yorùbá àti Isláàmù. Bí ilé bá kùnà nínú tirẹ̀, kí á má di ẹ̀bi náà ru Kita.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ wà nílé, ọwọ́ yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín ń lọ́ra nítorí wọ́n ń bẹ̀rù ohun tí ẹ ó sọ. Nígbà tí ẹ bá tún pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin wá gbé ọmọ fún òyìnbó?” Ẹ bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé ó ti mọ Fátíhà?” Ìbéèrè méjèèjì ni kí ẹ bi wọ́n, ẹ má ṣe mú ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi jẹ́ ọmọ tó gbọ́ èdè ìlú tí wọ́n wà, tí kò sì gbàgbé ìlú tí wọ́n ti wá, tí kò sì sọ ẹ̀sìn nù. Àmín.